Rẹ́jísítà Kan fún Gbogbo Ọ́fíìsì

Ṣé ẹ rántí rẹ́jísítà kíláàsì? Active Directory, tó bá Windows 2000 dé, rẹ́jísítà ọ́fíìsì ni.

Bí ọ́fíìsì yín ní Ìkòròdú bá ní àpótí kan tí gbogbo yín ń kó fáìlì sí, ẹ so ó mọ́ rẹ́jísítà yìí. Bí ó bá ní ìwé orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹni tí ẹ dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ lánàá lè máa ka ìwé owó-oṣù yín lónìí.

Ẹ ṣọ́ aago o! Kerberos, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kì í sábà gbà kí aago méjèèjì fi ju ìṣẹ́jú 5 lọ yàtọ̀ síra. Bí bátìrì aago bá kú, tí iná tún lọ, wàhálà dé. Ẹ jẹ́ kí àpótí máa gba aago lọ́dọ̀ rẹ́jísítà.