Ẹ̀kọ́ Ìsìn ní Ilé-Ìwé Ìjọba



Ọ̀rọ̀ wa lónìí jẹ mọ́ àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní ilé-ìwé ìjọba ní ìlẹ̀ Haúsá níhìn-ín. Kí tíṣà kọ́ ọmọ ní ohun tí ẹlẹ́sìn kọ̀ọ̀kan gbà gbọ́, ó dára. Kí ó mú ọmọ gbà á gbọ́, èyíinì kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ òbí ni, àti ti mọ́ṣáláṣí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ wo ọdún 2025. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta, Lẹ́ńtì sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù náà. Tíṣà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sọ pé àwọn Mùsùlùmí gbà pé nínú oṣù yẹn ni Kùránì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀, àti pé àwọn Onígbàgbọ́ ń rántí ogójì ọjọ́ tí Jésù fi gbààwẹ̀ ní aginjù. Kò ní pàṣẹ ààwẹ̀ fún ọmọ ẹnikẹ́ni, kò sì ní fi ìsìn ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ yóò sì mọ ìdí tí ará ilé kejì fi ń jí dáná sààrì lóru.

Àwọn kan nínú wa lè fajú ro bí tíṣà bá fi Ifá kún un. Ṣùgbọ́n àjọ UNESCO ti kéde ní 2005 pé Ifá wà lára ogún iyebíye aráyé. Ó ha yẹ kí ọmọ Yorùbá má mọ ohun tí ó jẹ́?

Òfin wà lẹ́yìn wa. Abala 38 nínú Òfin Orílẹ̀-Èdè ti 1999 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ gba ẹ̀kọ́ ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí èyí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí, a kò sì gbọdọ̀ mú un bá wọn ṣe ìsìn bẹ́ẹ̀. Irú rẹ̀ ti wà nínú òfin 1960.

Kí a tó bínú sí àwọn tí ó gbà wá lálejò, ẹ jẹ́ kí a rántí ilé. Nígbà tí ilé-ìwé Yorùbá pọ̀ lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì, àwọn òbí Mùsùlùmí bẹ̀rù pé ìwé yóò sọ ọmọ wọn di Onígbàgbọ́. Ẹ̀rù yẹn wà lára ohun tí ó mú kí a dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923.

A mọ ibi tí a wà. Ariwo ìsìn kì í pẹ́ di ìjà. Nítorí náà, òbí tí ó bá ní ẹjọ́, kí ó má lọ bá tíṣà jà. Kí ó kọ ìwé sí ọ̀gá ilé-ìwé pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó dárúkọ abala 38, kí ó sì fi ẹ̀dà kan fún akọ̀wé wa. Bí èsì kò bá dé, àgbà méjì ni a ó rán lọ, Mùsùlùmí kan àti Onígbàgbọ́ kan, ọmọ ẹnikẹ́ni tí ó wù kí ọ̀rọ̀ náà kàn.