Odi Ara Rọ́bọ́ọ̀tì

(Ohùn: òòlù ń lu irin ní àgbẹ̀dẹ, kó rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.)

Òòlù tí ẹ gbọ́ yẹn, irin sípíríǹ ọkọ̀ akẹ́rù ló ń lù. Àdá ni wọ́n ń fi í rọ. Ìbéèrè wa lónìí ni pé, ṣé irin náà lè di ẹ̀wù ogun fún rọ́bọ́ọ̀tì?

Rọ́bọ́ọ̀tì ajagun ni mò ń wí. Marc Thorpe ló gbé irú ìdíje bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní San Francisco lọ́dún 1994, ó pè é ní Robot Wars. Ẹ̀rọ méjì á wọ̀yá ìjà, àwọn tó ni wọ́n á di rìmóòtù mú lẹ́yìn odi. Èyí tí kò lè rìn mọ́ ti fìdí rẹmi.

Òṣùwọ̀n ló le níbẹ̀. Ní ìsọ̀rí kan tó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà, táyà, bátìrì, ohun ìjà àti ẹ̀wù, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò gbọdọ̀ ju kílò 1.36 lọ.

Mo gbé abọ́ omi wá sí sítúdíò. (Ohùn: nǹkan já sómi.) Irin sípíríǹ nìyẹn, ó ti rì. (Ohùn: òmíràn.) Èyí, ike tí mo gé lára kẹ́ẹ̀gì, ó léfòó. Irin tó nípọn ní mílímítà 1, ike mílímítà 8 ló bá a wúwo dọ́gba. Ike kì í tètè fọ́; á gba ọgbẹ́, á máa jà lọ. Alumíníọ̀mù fúyẹ́, àmọ́ tó bá tẹ̀, ó lè há táyà. Títáníọ̀mù dára, owó rẹ̀ ni ń léni sá. Ti bí wọ́n ṣe ń fi iná mú irin le láìjẹ́ kó máa sán bíi díńgí, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ.

Ibo wá ni ká fi èyí tó le jù sí? Ẹ jẹ́ n sọ ti odi Abẹ́òkúta, bí aago tilẹ̀ ń lé mi.

Ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, ọdún 1851. Gezo ọba Dàhòmì kógun dé, tọkùnrin tobìnrin. Odi amọ̀ yí ìlú ká lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá ibì kan ti ń wó. Apá ẹnubodè Àró ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún mọ. Àwọn ará ìlú Ìṣàgá, tí wọ́n ti túúbá fún Dàhòmì, ló fọgbọ́n gba ọba nímọ̀ràn pé Àró ni kó gbà, ọ̀sán gangan sì ni kó lọ. Ó gbọ́. Ibi tó le jù ló forí sọ! Ìgbà tí àwọn Ẹ̀gbá, ará Abẹ́òkúta, ń bọ́ aṣọ lára ọ̀tá kan tó ṣubú ni wọ́n tó mọ̀ pé obìnrin ni. Inú bí wọn, ìjà gbóná sí i, Dàhòmì sì sá padà. Ìṣàgá náà jìyà ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀: ọdún 1862 ni Dàhòmì wá run ún.

Nínú kílò kan àti díẹ̀, kò sí bí odi ṣe lè nípọn yí ká. Irin sípíríǹ níwájú, ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lẹ́yìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ di rìmóòtù mú ni Ìṣàgá: ẹ máa darí ọ̀tá lọ sí Àró.

Wọ́n ti ń júwọ́ sí mi. Ẹ má tan ẹ̀rọ yìí ní gbangba láìsí àpótí tó lágbára. Kí ẹ tó gé irin, ẹ wọ awò ojú, ẹ jọ̀ọ́. Ó dìg—

(Orin ètò.)