Ọ̀wọ̀ Kò Ní Kí Á Panu Mọ́
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn nọ́ọ̀sì tí ń lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú Òyìnbó sọ

A kò wá láti sọ̀rọ̀ físà tàbí ti aṣọ òtútù. Àwọn mìíràn ti sọ ìyẹn fún yín ní àsọtúnsọ. Ọ̀rọ̀ ìwà àti ìsọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ ni a bá wá, nítorí a ti rí i pé ohun tí ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn wa àti àwọn ọ̀gá wọn lọ́hùn-ún kì í sábà jẹ́ àìmọ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Nígbà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó ń ṣe ìjọba lé wa lórí, àwọn kan nínú wọn a máa fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbàlagbà. Àwọn bàbá wa kà á sí àfojúdi. Òyìnbó ní tirẹ̀ rí ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀, ó sì rò pé ìwà ẹrú ni. Kò sí ẹni tí ó bi ẹnì kejì rẹ̀ léèrè. Àṣìṣe tí wọ́n ṣe lọ́dọ̀ wa nì, a kò fẹ́ kí ẹ lọ tún un ṣe lọ́dọ̀ wọn.

Bí ọ̀gá bá ń bá ọmọ wí níhìn-ín, ilẹ̀ ni ọmọ yóò máa wò. Lọ́hùn-ún, ẹni tí ń wo ilẹ̀ ni wọn yóò fura sí pé ó ní ohun tí ó fi pamọ́. Bí aláìsàn bá fẹsẹ̀ kọ, tí ẹ ní 'sọ́rì' nítorí pé 'pẹ̀lẹ́' ni ó wà lọ́kàn yín, ó lè rò pé ẹ̀yin ni ẹ jẹ̀bi. Bí ẹ bá sì sọ 'mo ń bọ̀' lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ kọ ẹ̀yìn tí ẹ ń lọ, ẹnu yóò yà á. Ọmọ ogún ọdún yóò pe ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Kò bú u.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tàn yín pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ ojú abẹ níkòó. Bí ọ̀gá yín bá ní, 'Ǹjẹ́ o lè bá mi wo ìwé aláìsàn yẹn nígbà tí àyè bá gbà ọ́?', àṣẹ ni ó pa. Bí ó bá ní, 'Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀', inú ń bí i. Àwa rò pé ìlú wa nìkan ni wọ́n ti ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún ọmọlúàbí. Àwọn náà mọ̀ ọ́n. Àwa fi òwe bo ìbáwí, àwọn fi ìbéèrè bo àṣẹ.

Gbogbo ìyẹn, ẹ̀rín ni yóò fi parí. Ọ̀kan wà tí ó lè pa ènìyàn. Dókítà àgbà kọ ìwọ̀n oògùn sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ wò ó, ó rí i pé ó ti pọ̀ jù. Nílé, wọ́n ti kọ́ ọ pé ọmọdé kì í já àgbà nírọ́. Ó dákẹ́, ó rò pé ọ̀wọ̀ ni. Nursing and Midwifery Council, àjọ tí ń fi orúkọ nọ́ọ̀sì sínú ìwé ní ilẹ̀ náà, ti kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ bí ó bá rí ohun tí ó lè ṣe aláìsàn ní jàǹbá. Ẹni tí ó dákẹ́ lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Aláìsàn lè pàdánù ẹ̀mí.

Èyí kì í ṣe àléébù aláwọ̀ dúdú nìkan. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977, ọkọ̀ òfuurufú ńlá méjì, ti KLM ará Họ́láńdì àti ti Pan Am ará Amẹ́ríkà, kọlu ara wọn nínú kùrukùru ní pápá Los Rodeos ní erékùṣù Tenerife. Ènìyàn 583 ni ó kú. Bí ọkọ̀ KLM ti ń sáré láti gbéra, ẹ́ńjiníà inú rẹ̀ béèrè bóyá ọkọ̀ kejì ti kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá awakọ̀, tí ó jẹ́ àgbà olùkọ́ nínú ilé iṣẹ́ náà, ní ó ti kúrò. Ẹ́ńjiníà kò tún béèrè mọ́. Ará Họ́láńdì, tí gbogbo ayé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í há lọ́nà ọ̀fun! Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ẹni kékeré bí a ti ń sọ ohun tí ó rí fún ọ̀gá, tí wọ́n sì ń kọ́ ọ̀gá bí a ti ń gbọ́.

Àṣà wa gan-an kò ní kí ọmọdé ya odi. Kí ni à ń pè ní 'tótó, ó ṣe bí òwe', bí kì í bá ṣe ìlẹ̀kùn tí àwọn àgbà ṣí sílẹ̀ fún ọmọdé láti sọ̀rọ̀? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nítorí náà, ẹ sọ pé, 'Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tún ìwọ̀n yìí wò kí n tó fún aláìsàn.' Bí kò bá dáhùn, ẹ tún un sọ. Bí ó bá kọ̀, ẹ lọ bá olórí wọ́ọ̀dù, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago tí ó ṣẹlẹ̀.

A kò sọ pé gbogbo ohun tí ojú yín yóò rí ni àìgbọ́ra-ẹni-yé. Olóògbé Kofoworola Abeni Pratt, tí ó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1946, pàdé aláìsàn tí ó kọ̀ kí nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú tọ́jú òun. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣà, ẹ̀gàn ni. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó padà wálé, ó sì di ọmọ Nàìjíríà kìn-ín-ní tí ó jẹ́ olórí nọ́ọ̀sì ní UCH, Ìbàdàn. Èyí tí ó bá jẹ́ àìmọ̀, ẹ fi sùúrù là á yé wọn. Èyí tí ó bá jẹ́ ẹ̀gàn, ẹ gbé e lọ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín. Òfin ìdọ́gba tí wọ́n ṣe ní 2010 wà lẹ́yìn yín.

Ẹ̀yin àgbà nọ́ọ̀sì àti dókítà tí ẹ dúró sílé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Ọmọ mélòó nínú wọ́ọ̀dù wa ni ó ti rí àṣìṣe tí ó gbé e mì, nítorí pé nígbà tí ó kọ́kọ́ la ẹnu, ẹ bi í pé, 'Ṣé ìwọ ni o fẹ́ kọ́ mi ní iṣẹ́?'

Àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún rí wà láàárín wa. A fi àyè sílẹ̀ fún wọn báyìí, kí wọ́n sọ èyí tí ojú tiwọn rí.