Nígbà Tí Ṣẹ́ẹ̀sì Wa Dúró Sójú Kan

Ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀sì la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ kò ta á rí, ẹ má tíì pa á o. Ẹni tó bá ti kọ́ nǹkan kan rí, tí nǹkan náà wá kọ̀ tí kò lọ síwájú mọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn án.

Mo wà lára àwọn tó sáré gba áàpù ṣẹ́ẹ̀sì sórí fóònù lẹ́yìn tí Tunde Onakoya jókòó sí Times Square ní New York ní oṣù kẹrin ọdún 2024, tó ta ṣẹ́ẹ̀sì fún 60 wákàtí. Orí mi wú. Mo ní èmi náà á ta á. Àárín oṣù mẹ́ta, rating mi kúrò ní 400, ó dé 800. Ó ń gòkè bí owó dọ́là. Mo ti ń rò ó pé tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní lè dúró níwájú mi.

Ibẹ̀ ló dúró sí. Oṣù méje gbáko! Lónìí 810, lọ́la 780, lọ́tùn-únla 805. Mò ń wo fídíò lórí YouTube, mò ń há oríṣiríṣi ọ̀nà tí èèyàn lè gbà bẹ̀rẹ̀ eré sórí, nọ́ńbà yẹn ò mira. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo pàdánù ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án léraléra, eré oníṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta, títí aago méjì òru fi lù. Mo sì níṣẹ́ láàárọ̀ o. Mo yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù pẹ̀lú ìbínú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti ń gbà á padà ní ibùdókọ̀.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Mo ní àbúrò kan, ọmọ ọdún 13. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ọ ní ṣẹ́ẹ̀sì, èmi ni mo ra ọpọ́n fún un. Nígbà tí mo lọ sílé fún ọdún, ó nà mí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo, lójú màmá wa. Mo ní ó ti rẹ̀ mí. Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ti gbé ọpọ́n dé, màá ní mò ń pe ẹnì kan lórí fóònù, tàbí pé mo fẹ́ jáde. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà tó yá ni màmá mi pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Kí ni ọmọ yìí fi ṣe ẹ́? Ó ní o ò bá òun ṣeré mọ́. Ó ń bi mí bóyá òun ló ṣẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ojú tì mí. Nítorí nọ́ńbà kan lórí fóònù, mo ti ń sá fún ọmọ ìyá mi.

Mo lọ bá a, mo tọrọ àforíjì, mo sì bi í pé, "Jọ̀ọ́, kí lò ń rí tí èmi ò rí?" Ó kọ́kọ́ ń tijú. Ó wá ní, "Bọ̀dá mi, ẹ kì í wo ohun tí mo ṣe. Tí mo bá ti gbé tèmi, ẹ ti gbé tiyín. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe nìkan lẹ máa ń rò." Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo fídíò tí mo wò kò jẹ́ kó yé mi, ọmọ ọdún 13 sọ ọ́ tán.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí tí èèyàn fi ń dúró sójú kan. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1897 àti 1899, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, William Bryan àti Noble Harter, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ tẹligíráàmù. Wọ́n rí i pé ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán máa ń yára sí i, á wá dúró sójú kan fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà á tún gbéra. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lèèyàn kọ́kọ́ ń gbọ́, kó tó di odindi ọ̀rọ̀, kó tó di gbólóhùn. Títí lẹ́tà á fi mọ́ ọn lára débi pé kò ní ronú sí i mọ́, kò lè gbọ́ odindi ọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹni tó ń wò ó á ní kò tẹ̀ síwájú, bẹ́ẹ̀ nǹkan ń lọ lábẹ́ ilẹ̀.

Bákan náà ni ṣẹ́ẹ̀sì. Ní 1973, William Chase àti Herbert Simon fi ọpọ́n tí eré ti ń lọ lórí rẹ̀ han ọ̀gá àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré. Wọ́n ní kí wọ́n tò ó bí wọ́n ṣe rí i. Ọ̀gá to èyí tó pọ̀ jù, ẹni tó ń kọ́ ọ to díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n da àwọn ọmọ ayò náà rú, tí wọ́n kàn tò wọ́n ṣákálá, ìyàtọ̀ ọ̀gá sí ọmọ ẹ̀kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Kì í ṣe pé ọpọlọ ọ̀gá ju tiwa lọ. Ó ti rí irú ọpọ́n bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni, ó mọ̀ ọ́n bí a ṣe mọ ojú ará àdúgbò wa.

Ohun kejì: nọ́ńbà yẹn fúnra rẹ̀. Arpad Elo, onímọ̀ físíìsì tí wọ́n bí ní Hungary tó gbé ní Amẹ́ríkà, ló ṣètò ìṣirò tí wọ́n fi ń wọn agbára àwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì. Lọ́dún 1970 ni FIDE, ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, gbà á wọlé. Ohun tó ń wọ̀n ni ìwọ àti àwọn ẹlòmíì. Tó o bá ń gbọ́n sí i, tí àwọn tí wọ́n ń fi ẹ́ ta pẹ̀lú náà ń gbọ́n sí i, nọ́ńbà lè má mira. Áàpù sì máa ń wá ẹni tí agbára yín jọra fún ẹ. Nítorí náà, kéèyàn pàdánù bí ìdajì eré rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ó dáa, kí wá ni mo ṣe?

Àkọ́kọ́, mo fi eré oníṣẹ́jú mẹ́ta sílẹ̀. Oníṣẹ́jú 15 ni mò ń ta báyìí, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Ọwọ́ tó ń sáré ò lè kọ́ ojú láti ríran.

Èkejì, kí n tó gbé ohunkóhun, màá bi ara mi ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni ẹni yìí ń wá pẹ̀lú èyí tó gbé yìí? Èwo nínú tèmi ni kò ní ẹ̀ṣọ́? Tí mo bá gbé èyí tí mo fẹ́ gbé, kí ló lè fi jẹ? Ẹ̀kọ́ àbúrò mi nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, mo ra ìwé kékeré kan. Tí mo bá ti pàdánù, màá kọ gbólóhùn kan ṣoṣo nípa ohun tó pa mí. Nígbà tí mo ka 20 eré, èyí tó ju ìdajì lọ ló jẹ́ ohun kan náà: mo fi ẹṣin tàbí bíṣọ́ọ̀bù mi sílẹ̀ láìsí ẹ̀ṣọ́. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Èmi tí mò ń há ìbẹ̀rẹ̀ eré sórí, ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ló ń pa mí rárá! Orí Lichess ni mo ti ń yẹ eré mi wò. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìpolówó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ fi ojú ara mi wá àṣìṣe náà kí n tó bi kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀kẹrin, puzzle mẹ́wàá lóòjọ́, pẹ̀lú sùúrù. Èyí tí mo bá kùnà, màá tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, títí ojú mi á fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀karùn-ún, tí mo bá pàdánù ẹ̀ẹ̀mejì léra, ó parí fọ́jọ́ yẹn. Ìbínú ló máa ń ta ẹ̀ẹ̀kẹta.

Mi ò ní parọ́ fún yín. Odindi oṣù kan àbọ̀ kọjá tí nọ́ńbà kò yí padà. Ó tiẹ̀ já sí 760. Ìwé kékeré yẹn ló gbà mí, nítorí mo rí i níbẹ̀ pé àṣìṣe àtijọ́ ń dínkù. Lẹ́yìn náà ló gbéra. Lónìí mo wà ní 1010.

Àbúrò mi ńkọ́? Ó ṣì ń nà mí o! Gbogbo ọjọ́ Sunday ni mo máa ń pè é, a ó ta á lórí fóònù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ohun tó ń dọ́gbọ́n sí kí ó tó ṣe é, mo dí i. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ ti ń wò ó báyìí o." Kò sí rating tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn.

Tí tiyín náà bá ti dúró sójú kan, ẹ mú eré kan ṣoṣo tí ẹ pàdánù lónìí, kí ẹ kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ nípa rẹ̀. Ẹyọ kan péré.