Fíríìjì Abẹ́rẹ́ Àjẹsára àti Bátìrì Rẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ìlá Ọ̀ràngún)



Ọ̀rọ̀ mi kò gùn. Ó kan fíríìjì tí a ń tọ́jú oògùn àjẹsára sí ní àwọn abúlé tí iná kò ti ṣeé gbọ́kàn lé. Oòrùn ni ó ń fún bátìrì lágbára, bátìrì ni ó sì ń gbé fíríìjì ṣiṣẹ́ lóru.

Láàárín 2 sí 8 lórí tẹmómítà ni oògùn náà gbọ́dọ̀ wà. Bí ó bá gbóná jù, agbára rẹ̀ a lọ. Bí ti tẹ́tánọ́ọ̀sì bá sì dì, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. A ó gún ọmọ, ìyá a dúpẹ́, àrùn a sì tún wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Bátìrì olójé 12 fóòtì, 100 ampere-wákàtí, ń gba 1,200 wáàtì-wákàtí. Bí a bá ń fà á kọjá ìdajì, kì í pẹ́ kú. Nítorí náà 600 ni tiwa. Fíríìjì kékeré tí ń jẹ 40 wáàtì, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 12 nínú 24, ń jẹ 480 lójúmọ́. Bátìrì kan, ọjọ́ kan. Bí òjò bá ṣú fún ọjọ́ mẹ́ta, bátìrì mẹ́ta ni. Ẹni tí ó wá so tẹlifíṣọ̀n àti fóònù mọ́ ọn, oògùn ọmọ ọlọ́mọ ni ó ń jẹ.

Ẹ máa nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú pánẹ́ẹ̀lì. Omi bátìrì ni kí ẹ máa bù sí i, kì í ṣe omi kànga. Ẹ máa kọ ohun tí tẹmómítà sọ sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n ìtọ́jú kò sọ bátìrì di aláìkú. Mo mọ nọ́ọ̀sì kan tí ó ń fi owó ara rẹ̀ ra omi bátìrì. Nígbà tí bátìrì kú, òun ni wọ́n kọ ìwé ẹ̀sùn sí. Èyí kò tọ́. Kí ẹ̀ka wa béèrè kí owó bátìrì tuntun wà nínú ètò ìnáwó. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ra fíríìjì tuntun, irú kan wà tí kò lo bátìrì: oòrùn ni ó fi ń ṣe yìnyín lọ́sàn-án, yìnyín náà a sì mú un tutù lóru.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.