Ta Ni Ó Kọ́ Ọmọ Láti Kórìíra Ọkọ́?



Ẹ̀sùn kan wà tí àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá ti fi ń kan àwọn ọ̀dọ́ láti ìgbà pípẹ́ wá: pé ọmọ tí ó bá ti mọ̀wé kì í fẹ́ fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ó tọ́ láti wádìí ẹni tí ó kọ́ ọmọ náà bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1955 ni Ìjọba Apá Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, tí kò tó 500,000 ní ọdún 1954, fò kọjá 800,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà, nítorí náà àwọn àkọ́kọ́ parí ní ọdún 1960. Ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Láìpẹ́, ariwo ta pé wọ́n ń ya lọ sí Ìbàdàn àti Èkó láti wá iṣẹ́ akọ̀wé tí kò tó nǹkan.

Kí ni wọ́n ti gbọ́ nílé? Bí bàbá bá fẹ́ bá ọmọ tí ń ṣe ìmẹ́lẹ́ wí, ohun tí ó máa ń sọ ni pé, “Bí o kò bá kàwé, oko ni ìwọ yóò bá ara rẹ.” Àgbẹ̀ sì ni bàbá yìí fúnra rẹ̀, láti inú oko kòkó rẹ̀ ni owó aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ náà ti wá! Ní ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀wẹ̀, ọmọ tí ó pẹ́ dé ni olùkọ́ ń fún ní àdá kí ó lọ gé koríko. Ọmọ kò nílò ògbufọ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́-orí tí ó ń bi ara rẹ̀ léèrè irú ènìyàn tí òun yóò jẹ́, ó ti mọ̀ pé ìyà ni ọkọ́ àti àdá.

Ojú ẹgbẹ́ kò sì kéré nínú ọ̀ràn náà. Ọ̀kan yóò ti Ìbàdàn bọ̀ wá ṣe Kérésìmesì pẹ̀lú ṣòkòtò gígùn àti bàtà dídán. Kò ní sọ pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ìbátan ni òun ń sùn. Bàtà ni àwọn tí ó wà nílé rí. Ẹni tí ó sì fẹ́ padà sílé pátápátá ń bẹ̀rù ìbéèrè kan ṣoṣo láti ẹnu àwọn àgbà: “Kí ni o mú bọ̀?”

Ìjọba gbìyànjú. Láti nǹkan bí ọdún 1959 ni ó ti ń dá ibùdó oko sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé, ní àpẹẹrẹ ti Ísírẹ́lì. Àwọn kan dúró, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pẹ àti rọ́bà kì í so èrè lọ́dún kan. Kò sì rọrùn fún ẹni tí a ti fi ọkọ́ dẹ́rù bà láti kékeré láti wá máa fi ọkọ́ yangàn.

Lónìí, dókítà, lọ́yà àti ẹnjiníà ni òbí fi ń ṣàdúrà fún ọmọ. Ọmọbìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí aṣọ rírán ń gbọ́ pé, “Ìwọ tí orí rẹ pé báyìí?” Ọmọ tí ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò nìkan ni a máa ń mú lọ sọ́dọ̀ télọ̀, gbogbo ilé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn baba ńlá ní ọ̀nà mìíràn. Bí ọmọkùnrin bá ti gbójú, bàbá a fún un ní ilẹ̀ díẹ̀ ní etí oko, kí ó máa ro ó ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ilé. Ìyá a sì fún ọmọbìnrin ní owó díẹ̀ kí ó fi ra ọjà ti ara rẹ̀. Iṣu tí ọmọ náà bá tà, òun ni ó ni owó rẹ̀. Bí èrò bá ń kọjá, wọn a nawọ́ sí ebè rẹ̀, wọn a ní, “Oko Lágbájá nìyẹn.” Wọn kì í pè é ní oko bàbá rẹ̀.