Fọ́ọ̀kì Tí Ń Tẹ̀ Tí Ń Dìde

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni mo bá wá.

Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà gbágungbàgun mọ ìyà rẹ̀. Kòtò níhìn-ín, òkúta lọ́hùn-ún. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, èjìká á máa ro. Kí ló fà á? Fọ́ọ̀kì tó di táyà iwájú mú kì í tẹ̀.

Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀kì kan wà tí ń tẹ̀, tí ń dìde. Ilé iṣẹ́ BMW ní Jámánì fi irú rẹ̀ sí alùpùpù ní ọdún 1935. Ní 1989 ni wọ́n dá RockShox sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí ń ṣe é fún kẹ̀kẹ́. Ẹni tó mọ irin í jó lè fi àlòkù ṣe tirẹ̀.

Kìn-ín-ní, ẹ wá páìpù irin mẹ́rin: ńlá méjì, kékeré méjì tí yóò wọ inú wọn. Bí ó bá fún jù, yóò há. Bí ó bá tú jù, kẹ̀kẹ́ yóò máa mì. Kékeré ni yóò wà lókè, ńlá ni yóò di táyà mú nísàlẹ̀. Ẹ fi gíríìsì sí i.

Ìkejì, sípíríǹgì méjì tó dọ́gba. Ti inú fọ́ọ̀kì alùpùpù tó ti bàjẹ́ dára. Ti ẹ̀yìn alùpùpù le jù, kò ní tẹ̀.

Ìkẹta ni ẹ gbọ́ dáadáa. Bí táyà bá fò kúrò nílẹ̀, páìpù ńlá lè yọ bọ́. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ náà á fi ẹnu gbálẹ̀! Nítorí náà, ẹ jó irin pẹlẹbẹ tó ní ihò mọ́ ìdí páìpù kékeré. Ẹ ti bóòtù gígùn láti ìdí páìpù ńlá, kí ó gba inú sípíríǹgì àti ihò yẹn kọjá. Ẹ fi nọ́ọ̀tì méjì dè é lókè, kí ọ̀kan fún èkejì pa. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe ní ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ìkẹrin, ara páìpù ìsàlẹ̀ ni kí búrékì wà. Bí ó bá wà lókè, nígbà tí fọ́ọ̀kì bá tẹ̀, búrékì kò ní bá táyà mọ́.

Ọ̀pá tó wọ ọrùn kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Odidi ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe jó méjì pọ̀.

Bí ẹ bá ṣe é tán, ẹ má tíì gùn ún. Ẹ di àpò iyanrìn mọ́ ọn, kí ẹ tì í gba inú kòtò lọ, kí ẹ tì í bọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo gbogbo ojú ibi tí ẹ jó. Bí ẹ bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, irin ti ń là nìyẹn. Ẹ tú u palẹ̀.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Sípíríǹgì ń fún wa ní ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì méjì yẹn ló ń mú wa délé. Ní òwúrọ̀ gbogbo, kí ẹ tó gun kẹ̀kẹ́, ẹ fọwọ́ kàn wọ́n wò.